Ẹnu Ọ̀nà Tó Mú Ìyá Aránṣọ

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa Káfíńtà. Ó dúró nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fá ilẹ̀kùn kan, ó ń súfèé, àfi gbì! Kí wọ́n tó gbé omi dé, ó ti kú. Ọkùnrin tó ń dá gbé pákó tí ẹni méjì ń gbé!

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín ni ojú gbogbo ilé ti yí sí Ìyá Aránṣọ, opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Obìnrin yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nígbà kan débi pé Ẹ̀fúùfù ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ ti yí padà. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀, ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú bíi ti ẹni tó ń rìn lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Èyí tó burú jù ni pé tó bá dé ẹnu ọ̀nà, á dúró gbagidi. Ara á fẹ́ máa lọ, ẹsẹ̀ á ní òun ò lọ, bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ẹnu ọ̀nà tèmi gan-an ni!" Ìyàwó Káfíńtà ń sọ fún àwọn ará ilé. "Tó bá ń bọ̀ wá kí mi láàárọ̀, ibẹ̀ ló máa dúró sí, tí á máa gbọ̀n. Kí ló ń dá a dúró, tí kì í bá ṣe ohun tí mo rì síbẹ̀?"

Lóòótọ́ ló rì í. Lẹ́yìn ìsìnkú ló lọ ra oògùn lọ́wọ́ obìnrin kan tó ní àjẹ́ kankan ò ní lè kọjá á.

"Ẹ tún wò ó," ni aládùúgbò kan fi kún un. "Tó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ kan náà á máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ó ń gun àtẹ̀gùn bí ọmọge. Ilẹ̀ títẹ́jú ló wá ń dá a dúró?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹyẹ ńlá kan bà sórí òrùlé, ó han gooro, ó fò lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìyá Aránṣọ yọ láti ẹ̀yìnkùlé, ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ọ̀rọ̀ ti di ti ojú gbogbo ayé.

Bàbá Awakọ̀, tó jẹ́ àgbà ilé, pè wọ́n jọ sí pálọ̀.

"Ìyàwó wa," ló wí fún Ìyá Aránṣọ, kò sì wo ojú rẹ̀, "kó ẹrù rẹ, kí ilé má baà tú."

"Èmi? Nínú ilé tí èmi àti ọkọ mi jọ kọ́? Kí ni mo ṣe?"

"Wọ́n ní àjẹ́ ni ẹ́."

"Ta ni wọ́n? Kó wá sọ ọ́ lójú mi."

Ìyàwó Káfíńtà dìde. "Èmi ni. Ìyálé mi, ẹ̀yin lẹ pa ọkọ mi. Ohun tí mo rì sẹ́nu ọ̀nà mi ló tú àṣírí yín."

Ìyá Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. "O rì nǹkan mọ́lẹ̀ dè mí? Ó dáa. Gbogbo yín, ẹ dìde, ẹ tẹ̀ lé mi."

Ó dé ẹnu ọ̀nà Ìyàwó Káfíńtà. Ẹsẹ̀ dúró. Ó ní kí wọ́n hú oògùn náà, kí wọ́n gbé e jù sí ìgboro. Wọ́n hú u. Ó tún gbìyànjú, ẹsẹ̀ tún dúró. Ó bá yí padà díẹ̀díẹ̀, ó forí lé yàrá Bàbá Awakọ̀. Ẹsẹ̀ dúró níbẹ̀ náà.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà rì tiyín ni?"

Ẹnì kan fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín.

Ó lọ sí ilé ìdáná tirẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, òógùn bò ó. "Ta ló wá rì í síbí? Ṣé èmi ni mo ń de ara mi ni? Ẹ gbọ́ o, mi ò kó ẹrù kankan. Nǹkan ló ń ṣe mí, ẹ̀rù sì ń bà mí, mi ò kàn lè sọ ọ́ torí mo mọ irú ẹnu tí ilé yìí ní." Ó nawọ́ sí Ìyàwó Káfíńtà. "Mò ń lọ sọ́sípítù lọ́la. Ìwọ lo máa tẹ̀ lé mi. Ohun tí wọ́n bá sọ, etí rẹ ni kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀ lọ́sípítù. Dókítà, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ sókè, fi àwọn àmì funfun hàn wọ́n nínú rẹ̀.

"Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ yín ló há nínú ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló fà á. Ẹsẹ̀ yín ò ṣàìsàn, Mà. Àṣẹ tí ọpọlọ ń rán sí i ni kì í dé bó ṣe yẹ."

"Ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Àtẹ̀gùn àti ẹ̀rọ ìránṣọ kì í sì í dá a dúró." Ìyàwó Káfíńtà bi í.

"Ibi tó bá há, tàbí ibi téèyàn ti fẹ́ yí padà, ibẹ̀ ló máa ń le jù. Àtẹ̀gùn ń fi ibi tí ẹ máa gbé ẹsẹ̀ sí hàn yín, ẹ̀rọ ìránṣọ sì ń fún ẹsẹ̀ ní ìlù tó ń tẹ̀ lé, ìyẹn ló ṣe rọrùn. Tí ẹsẹ̀ bá dúró, ẹ wá nǹkan kan nílẹ̀ níwájú yín, kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ kọjá á. Ohun tó ti bàjẹ́ ò ní padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kẹ́ ẹ sì máa rìn, kó má baà tètè burú sí i."

Ìyàwó Káfíńtà tún bi í. "Ọkọ mi máa ń fi aṣọ di orí, á ní ó ń fọ́ òun. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa òun náà?"

"Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n mi ò yẹ̀ ẹ́ wò nígbà ayé rẹ̀, mi ò lè búra."

Ìyàwó Káfíńtà jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sunkún. Ìyá Aránṣọ ò fọwọ́ kàn án.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o," ló wí. "Sunkún tán, ká máa lọ."

Lójú ọ̀nà ilé, láàárín ìgboro, ẹsẹ̀ tún dúró gbagidi. Èrò pé jọ. Obìnrin kan sún sẹ́yìn. "Ṣé kì í ṣe àjẹ́ tí wọ́n ń wí nìyí?"

Ìyàwó Káfíńtà yí bírí. "Kí lẹ ń wò? Ṣé ẹ sanwó ìran ni? Àìsàn ló ń ṣe é, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn. Ẹ kúrò lọ́nà!"

Ó wá síwájú ìyálé rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tirẹ̀ dábùú ọ̀nà. "Ìyálé mi, ẹ gbé ẹsẹ̀ kọjá tèmi."

Ìyá Aránṣọ wo ẹsẹ̀ náà títí.

"Ẹsẹ̀ rẹ tóbi o," ló wí. Ó gbé tirẹ̀ sókè, ó kọjá.