Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Gun Pákó Náà?

"Bí o bá fi ẹsẹ̀ kan yàrá yẹn lónìí, Janet, òkú rẹ ni wọ́n máa gbé jáde!"

Benedict ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ayálégbé, tó na apá méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà yàrá kẹta. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá wí o, obìnrin tó fẹ́ ẹ nígbà tí kò ní ju ayùn kan àti ṣòkòtò kan lọ! Ẹ bá mi wo ọkùnrin burúkú! Ẹ sì máa tó rí i pé ọ̀rọ̀ òkú tó sọ yẹn kì í ṣe ẹnu lásán.

Janet kò wá jà. Òpin oṣù ni, ó sì ń yẹ ilé wò bó ṣe máa ń ṣe: bóyá òrùlé ń jò, bóyá ikán ti mú ògiri, bóyá ilé ìdáná mọ́. Ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé ló máa ń parí rẹ̀ sí. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gun pákó tí wọ́n tẹ́ sórí ihò, tí yóò máa fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ lórí rẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Iyansan, àbúrò rẹ̀ já sínú irú ihò bẹ́ẹ̀, kò sì jáde láàyè. Látìgbà náà ló ti búra pé kò sí ọmọ ayálégbé tó máa gun pákó tí òun kò bá kọ́kọ́ gùn. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

Ojú ọ̀nà Ìlútítun ni ilé náà wà, nínú Okitipupa. Epo tí Janet ń ṣe, àti pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tó ń yan títí èéfín fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ lójú, òun ló kọ́ ọ. Benedict tó ń la gẹdú kàn kó pákó òrùlé wá ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Bàbá Fúnmi, ẹ jọ̀ọ́," Janet bẹ̀ ẹ́. "Ògiri ni mo fẹ́ wò. Ẹ ṣáà ní àbúrò yín láti Igbotako ló wà níbẹ̀. Kí ni àbúrò yín ń sá fún mi sí?"

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí láti inú. Mildred jáde, ó ru oyún síta gbangba, ó sì ró ìró Janet! Ìró tí Benedict ní olè ká lórí okùn!

"Àbúrò ta ni?" Mildred bú sẹ́rìn-ín. "Benedict, sọ fún un! Sọ fún un pé èmi ni ìyàwó tó máa jókòó sílé yìí. Arúgbó òṣì tí èéfín pupuru ti pa lójú!"

"Ìró mi lo ró! Aláìnítìjú!" Janet na ọwọ́ sí ìró náà. Mildred bù ú jẹ lápá. Kí Janet tó ké, Benedict ti gbé e lu ògiri, ó fún un lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu, ó tún fi bẹ́líìtì lù ú nílẹ̀ tó ṣubú sí. Eyín kan bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

Jẹ́jẹ́lọlá, ayálégbé yàrá kìíní, sáré jáde tòun ti sùtánà funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà. "Jésù! Benedict, ṣé o fẹ́ pa á ni?"

"Ilé mi ni! Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó kó ẹrù rẹ̀!" Benedict ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mo ti lọ sí kánsù, mo ti ní kí wọ́n yọ orúkọ obìnrin yìí kúrò nínú ìwé ilé. Èmi nìkan ni onílé! Janet, kó jáde!"

"N kò lọ," Janet sọ ọ́ láti ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí àyà rẹ̀. "Ilé tí mo fi ojú mi kọ́! Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pa mí."

Mildred wo Benedict. Benedict náà wò ó. Ọlọ́run ló mọ ohun tí ojú wọn bá ara wọn sọ, àmọ́ àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọjọ́ tí wolé-wolé ń bọ̀ pé. Àárọ̀ kùtù ni Benedict ti kéde pé òun ti da Ìsálì, oògùn apakòkòrò, sí ṣáláńgá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe débẹ̀ títí wolé-wolé yóò fi rí i. Irọ́ ńlá! Nígbà tí Janet lọ pọn omi, tí àwọn obìnrin yòókù wà ní àdúrà, ayùn ló gbé lọ síbẹ̀. Ó dojú pákó dé, ó rẹ́ ẹ lábẹ́ títí ó fi kù fẹ́lẹ́, ó sì dá a padà bó ṣe wà. Mildred ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún un. Wọ́n mọ̀ pé kò sí ìkéde tó lè dá Janet dúró, yóò gùn ún kí àlejò tó dé. Ìkà!

Àfi bí wolé-wolé ṣe yára dé lọ́jọ́ náà, kí Janet tó sọ omi kalẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndé ni, tòun ti kẹ̀kẹ́ àti kakí. Ó yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, ó yẹ gọ́tà wò, gbogbo ayálégbé sì tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìnkùlé. Janet ká ìró sókè bó ṣe máa ń ṣe, ó kọjú sí pákó. Benedict gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, ẹ dúró," ni Ọlátúndé wí. "Onílé ni mo máa ń ní kó gun pákó. Wọ́n sì sọ fún mi ní kánsù pé Bàbá Fúnmi nìkan ni onílé báyìí. Bàbá, ẹ bọ́ síwájú."

"Èmi kẹ̀?" Òógùn bo Benedict. "Òun ni kó gùn ún! Ṣebí òun ló máa ń gùn ún!"

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé, àbí òun?"

"Èmi ni mo ni ín, àmọ́... orúnkún ń dùn mí."

Àwọn ayálégbé fi í rẹ́rìn-ín. Ọlátúndé dì í lápá mú, ó ń fà á lọ. Ni Mildred bá figbe ta:

"Má gùn ún, Benedict! Wàá kú!"

Janet wo Mildred, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó gbé odó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sọ ọ́ lu pákó. Gbàgà! Pákó kán sí méjì, odó bá ihò lọ. Ojú ibi tí ayùn gbà ń funfun báláú.

"Benedict!" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Janet máa pe orúkọ ọkọ rẹ̀ ní gbangba. "Èmi lo rẹ́ pákó yìí sílẹ̀ dè?"

"Òun ló rẹ́ ẹ!" Mildred ti ń sunkún. "Èmi kàn ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni!"

"Elénìní! Ìwọ kọ́ lo ní ká pa á?" Benedict fò mọ́ ọn, ó fún un lọ́rùn. Mildred fi èékánná ya ojú rẹ̀. Jẹ́jẹ́lọlá já aboyún náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọkùnrin ilé sì dìde sí Benedict pẹ̀lú igi ìdáná. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń fi ọwọ́ bojú, kò wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó já sínú ihò, itan rẹ̀ sì kán lórí odó.

"Janet! Ìyàwó mi! Fà mí jáde!"

"Fi í síbẹ̀!" ni Jẹ́jẹ́lọlá ń ké. "Ibi tó ní kó o kú sí nìyẹn!"

Inú ń bí Janet, omijé sì ń dà lójú rẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn ọkùnrin yẹn rí. Ó ju okùn kànga sínú ihò. "Ẹ bá mi fà á," ló wí. "Ẹnikẹ́ni kò tún ní kú sínú ihò lójú mi."

Láti ọsibítù ni ọlọ́pàá ti mú Benedict lọ. Mildred sá padà sí Igbotako, ó bọ́ ìró Janet sílẹ̀ kó tó lọ, nítorí àwọn obìnrin ilé kò jẹ́ kó ró o kọjá ẹnu ọ̀nà. Orúkọ Janet sì padà sínú ìwé ilé ní kánsù.

Nígbà tí Benedict ṣẹ̀wọ̀n tán, tó ń fi igi rìn kiri, ìyá rẹ̀, Aníwúrà, wá bá Janet. Ìyá àgbà náà kúnlẹ̀.

"Janet, ọmọ mi, dárí jì í. Kò níbi tó máa gbé."

Janet sáré gbé e dìde. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi! Mo ti dárí jì í. Yàrá wà fún ẹ̀yin nílé yìí títí ayé, ẹ kò sì ní san nǹkan kan. Àmọ́ òun? Kó lọ wá ilé ẹlòmíràn háyà."