Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin Tí Wọ́n Fi Kún Àádọ́rùn-ún

"Buá fúú. Buá wo. Lamu fúú."

Ọmọ mi ló ń dá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mo ń lọ aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì náà jókòó, ó ń dúró dè mí. Ó wo ọmọ náà, ó wò mí. "Bàbá Kínnìyí," ó ní, "ṣé ẹyẹ lọmọ yín fẹ́ dà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀, ẹni tí aṣọ aláṣọ sì ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, ohun gbogbo ló máa ń já a láyà. Mo ro ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́. Mo ro àwọn ibi tí wọ́n ti ń kó ọmọ ọlọ́mọ jọ, tí wọ́n ń mú wọn búra.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ, mo gbé áyọ́ọ̀nù dúró, mo lọ jókòó tì í. Kínnìyí la ń pè é nílé, torí ìbéèrè tí kò fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ láti kékeré nìyẹn. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ìdánwò àṣekágbá sì kù díẹ̀. Mo bi í léèrè irú èdè wo nìyẹn. Mi ò pariwo. Ẹ̀rù ń bà mí kí ó má baà fi ohun tó jẹ́ òótọ́ pa mọ́ fún mi.

Inú rẹ̀ dùn pé mo béèrè. Ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́ta ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ju àádọ́rùn-ún lọ, wọn kò sì fẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí kò bá sí nínú rẹ̀, wọn á lẹ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ láti fi sọ ọ́. Iye kò le rárá: ọ̀kan, méjì, ọ̀pọ̀. Ó parí. Kò sí àná, kò sí ọ̀la, àfi kí o sọ ọ́ bí o bá rí i pé ó ṣe pàtàkì. "Ó máa ń jẹ́ kí èèyàn ronú dáadáa," ó ní, "torí kò sí ọ̀rọ̀ ńlá tí o lè sá pa mọ́ sí."

Ó ṣí ìwé àjákọ kan fún mi. Níwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti rí i, ẹni tó mú un wá, àti ọjọ́ tó wọlé. Òfin wọn nìyẹn: ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá kọ orísun rẹ̀ kò wọ inú èdè. Buá ni omi. Bí àbúrò rẹ̀ ṣe máa ń pè é nìyẹn nígbà tí kò tíì lè sọ̀rọ̀. Lamu ni èèyàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí èdè ilé wọn yàtọ̀ sí tiwa ló mú un wá. Wo ni ojú. Ìyẹn, mo mọ ibi tó ti wá. Buá wo wá jẹ́ omijé.

"Fúú ńkọ́?"

Ó nawọ́ sí áyọ́ọ̀nù mi. Bí mo bá wọ́n omi sí aṣọ tí mo sì gbé iná lé e, fúú ló máa ń dún. Ìyẹn ni ooru, òun náà ni ìbínú. Buá fúú ni tíì. Lamu fúú ni èmi, alágbàfọ̀. Mo ní ṣé kì í ṣe oníbìínú ni. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ mí yóò mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ara mi fúyẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń ṣiṣẹ́, mo máa ń ronú ohun tí mo lè fi ọ̀rọ̀ méjì pè. Kọ́là ẹ̀wù tó le: ọrùn òkúta. Kínnìyí á fi í rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo ṣí ìwé náà láti wá ọ̀rọ̀ kan. Mo rí ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́rin lójú ewé tó gbẹ̀yìn: ká, té, ní, só. Ìtumọ̀ wọn ni ìdáhùn kìíní, kejì, kẹta, kẹrin, nínú mẹ́rin tí wọ́n máa ń ní kí wọ́n mú ọ̀kan. Mo ka orísun wọn nígbà mẹ́ta torí n kì í tètè kàwé. "A ṣe é kí a lè máa sọ ìdáhùn fún ara wa nínú yàrá ìdánwò. Òpó ló mú un wá. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí i." Òpó ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ga jù lọ láàárín wọn.

Mo bi í. Ojú tì í. Ó ní òun kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n wá ní kó gbé ìwé sílẹ̀ kí àwọn máa bá èdè àwọn lọ láìsí òun. Kò lè gbà kí wọ́n lé òun kúrò nínú ohun tí òun fi ọwọ́ ara òun ṣe. Mo ní kó rò ó dáadáa. Ohun tí mo sọ ò ju ìyẹn lọ. Mo padà sídìí áyọ́ọ̀nù mi, mo dákẹ́, torí ẹ̀rù ń bà mí láti bá a jà, ẹ̀rù sì ń bà mí láti lọ sí iléèwé.

Ọjọ́ ìdánwò ìṣirò, Kínnìyí rọra fi pẹ́ńsùlù lu tábìlì lẹ́ẹ̀méje. Òpó, tó jókòó níwájú rẹ̀, wúkọ́, ó ní "té" bí ẹni ń dá kàwé. Lẹ́yìn èyí, ẹlòmíì tún lu tirẹ̀. Obìnrin tó ń ṣọ́ wọn kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n ó rí i pé ikọ́ yẹn ti pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n parí, ó tú báàgì àwọn tó jókòó nítòsí ara wọn. Ó rí ìwé náà. Kò ní láti wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Nínú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà iléèwé, àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró lẹ́bàá ògiri. Òpó ní eré lásán ni, pé àwọn kọ ọ́ ni, àwọn ò lò ó. Àwọn méjì yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá àgbà yẹ ìwé náà wò fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òótọ́ ni pé kíkọ yàtọ̀ sí lílò, pé bí gbogbo wọn bá sọ ohun kan náà, òun á fi ìyà kékeré kan parí ọ̀rọ̀ náà. Ó wá kọjú sí ọmọ mi. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ẹ lò ó?"

Kínnìyí wò mí. Ọlọ́run mọ̀ pé ojú mi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ pé rárá.

"A lò ó, mà," ó ní. "Ìbéèrè keje. Èmi ni mo béèrè. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Òpó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé Kínnìyí ti dalẹ̀ àwọn. Ọ̀gá àgbà bi Kínnìyí ìdí tí kò fi sẹ́. Ó ní òun ti ń kọ òótọ́ sínú ìwé yẹn láti ọdún kan, pé bí òun bá purọ́ báyìí, òun á máa wo gbogbo ohun tó kù níbẹ̀ bí irọ́.

Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ̀rọ̀ kí n tó mọ̀. "Mà, mo rí ojú ewé yẹn kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n kà. Mo dákẹ́ ni."

Wọ́n fagi lé ìṣirò àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi dúró kí wọ́n tó tún un ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í kí i mọ́. Bí wọ́n bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọn á yíjú sí òdìkejì. Ó sunkún fún ìyẹn ju ti ìdánwò lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìṣirò yẹn kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ń lọ sọ́dọ̀ tíṣà rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ó ń béèrè, ó tún ń béèrè. Nígbà tí èsì jáde, kò gba máàkì tó ga jù, ṣùgbọ́n ó yege, kò sì sẹ́ni tó sọ ìdáhùn kankan fún un.

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ẹ gbọ́ ọ. Ọgbọ́n tí ẹ fi ṣẹ̀dá nǹkan dára púpọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kankan fi ìbẹ̀rù dídá wà gbà á lọ́wọ́ yín láti fi ṣe jìbìtì. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lójú ẹni tó béèrè. Yóò dùn yín, yóò gba ọdún kan lọ́wọ́ yín pàápàá, ṣùgbọ́n yóò tán. Ẹ̀yin òbí bíi tèmi tí ẹ̀rù máa ń bà, ọmọ kò gbọdọ̀ dá ẹrù ọ̀rọ̀ tí àwa náà mọ̀ rù. Ẹ sọ̀rọ̀ kó tó bàjẹ́. Mi ò sọ tèmi títí ó fi bàjẹ́ tán.