Àgbọ̀nrín Tí Kì Í Ṣe Tiwa

"Ṣé o máa dúró títí ọdún tó ń bọ̀ nítorí orí àgbọ̀nrín kan ṣoṣo?" Dalton bi Signe, ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Kí Ìyá Lorna yẹn tó parí iṣẹ́, ìwọ náà á ti di ìyá àgbà."

Signe rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Òun àti bàbá ìyá rẹ̀, Orville, ni wọ́n jọ pa àgbọ̀nrín náà nínú igbó ẹ̀yìn oko wọn ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà. Orúnkún ń yọ bàbá lẹ́nu, ó sì ti sọ pé òun ò ní gun orí igi dúró de ẹran mọ́. Signe fẹ́ kí orí ẹran náà wà lára ògiri pálọ̀ kí Kérésì tó dé. Lorna, tó máa ń na awọ orí ẹran bo ère, tó sì ń fi ìwo rẹ̀ sí i kó lè dà bí ààyè, ni gbogbo ìlú máa ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún. Ó ti sọ fún un pé awọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi oògùn ṣe é kó má bàa jẹrà, àti pé òun kì í kán wọn lójú.

Ni Signe bá tẹ̀ lé Dalton lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rusk, tó ṣèlérí pé òun á parí rẹ̀ kí Kérésì tó dé. Awọ ẹran kún inú àpò ọ̀rá nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n sì ti ń rùn. Signe gbọ́ òórùn náà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí Dalton fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Rusk kò yẹ àdéhùn. Orí náà dé, ó dán, ó sì wuyì. Àwọn aládùúgbò wá wò ó, Orville sì ń sọ ìtàn ọdẹ náà ní àsọtúnsọ. Signe nìkan ni kò yìn ín; etí rẹ̀ ló ń wò. Etí òsì àgbọ̀nrín tiwọn ya. Òun gan-an ló di etí náà mú nígbà tí wọ́n ń wọ́ ẹran náà jáde. Etí èyí pé méjèèjì.

Bó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Inú bàbá ń dùn. Síbẹ̀, nígbà tí àlejò lọ tán, kò lè pa á mọ́ra.

"Bàbá àgbà, ìwo yẹn nìkan ni tiwa. Ẹ wo etí rẹ̀. Èmi ni mo kánjú gbé e fún ẹni tí mi ò mọ̀."

Orville wo etí méjèèjì, ó sì jókòó.

"Ó dùn mí," ó ní. "Mo fẹ́ràn etí yíya yẹn." Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. "Àbí ojú ẹran ẹlẹ́ran ni mo ń yìn fún gbogbo àdúgbò láti àárọ̀?"

Nígbà tí wọ́n lọ bá Rusk, ó jẹ́wọ́ pé òun kò tètè fi iyọ̀ sí awọ náà, irun rẹ̀ re, òun sì fi awọ ẹran mìíràn rọ́pò láìsọ. Ó ní òun á ṣe òmíràn. Orville ní rárá, kó sáà tú ìwo àwọn fún àwọn. Signe fúnra rẹ̀ ló fá pákó tí wọ́n kàn án mọ́, pálọ̀ wọn sì dùn ún wò.

Nígbà tí àsìkò ọdẹ tún dé, Signe pa àgbọ̀nrín tirẹ̀, Orville sì ń mu kọfí nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀. Ọ̀dọ̀ Lorna ló gbé awọ rẹ̀ lọ, kò sì béèrè ọjọ́ tí yóò jáde.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìkánjú ló gba ojú àgbọ̀nrín àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Signe. Òótọ́ tó sọ ni kò jẹ́ kó pàdánù ìgbẹ́kẹ̀lé bàbá àgbà rẹ̀ pẹ̀lú.