Ojú Ìwé Tí N Kò Kà

"Ṣé èjìká ń dùn ẹ́ ni?" Kóòṣì Akínwùmí bi mí ní pápá Navy Town, ní Ọjọ́bọ̀.

"Rárá o, sà. Mo kàn ń nà án ni."

Irọ́ gbuu! Láti ọjọ́ Ajé ni èjìká ọ̀tún mi ti ń ta mí bí ìgbà tí wọ́n fi ata pa á.

Bésíbọ́ọ̀lù là ń ṣe. Èmi Ọmọ́ṣaléwá, ọmọ Okokomaiko, ni mo ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú. Bí mo bá jù ú, afẹ́fẹ́ lásán ni igi wọn máa ń gbá. Ní Sátidé ni àwọn tó ń yan ọmọ fún ikọ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó ń bọ̀. Ta ni yóò wá jẹ́wọ́ pé èjìká ń dun òun?

Kóòṣì, ológun ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì, ti yá mi ní ògbólógbòó ìwé kan nípa Stephen Hollis, ará Amẹ́ríkà tó fi bọ́ọ̀lù jíjù jẹun ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Ara ògiri abà bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti ń dìde fún un. Mo ka ibẹ̀ títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Apá tó kẹ́yìn nìkan ni n kò kà, nítorí àwòrán ibẹ̀ bà mí nínú jẹ́: Stephen jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo àwọn tó ń ṣeré. Mo ní màá kà á tó bá yá.

Ọgọ́ta péré ni Kóòṣì ń jẹ́ ká jù lóòjọ́. Joy ọ̀rẹ́ mi, tí òun náà ń ju bọ́ọ̀lù, ló máa ń kà á. Bí mo bá délé, mo tún ń ju ọgọ́ta mìíràn sára ògiri ẹ̀yìnkùlé wa. Ṣé Stephen náà kò ju tirẹ̀ sára ògiri ni?

Joy nìkan ló mọ̀. "Ṣaléwá, jẹ́ ká sọ fún Kóòṣì jàre. Báàgì ẹ gan-an, o ò lè gbé e mọ́."

"Tí o bá sọ ọ́, èmi pẹ̀lú ẹ ti parí nìyẹn."

Joy gbé báàgì náà kọ́ èjìká tirẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo ra oògùn ara ríro ní Ìyànà Ìbà, mo gbé méjì mì. Mo ju mẹ́jọ lójú àwọn tó ń yan ọmọ, ó dára. Nígbà tí mo ju ìkẹsàn-án, nǹkan já ní èjìká mi, bọ́ọ̀lù sì bọ́ síwájú ẹsẹ̀ mi. Mo sunkún, kì í sì í ṣe nítorí ìrora.

Dókítà ní ọwọ́ mi yóò sàn tó ìwé kíkọ àti aṣọ fífọ̀. Ó ní kí n gbàgbé bọ́ọ̀lù jíjù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo tó ka apá tó kù. Stephen náà fi ìrora èjìká rẹ̀ pa mọ́, kí wọ́n má baà fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ti parí. Ó ní lọ́dọọdún tí eré bá tún bẹ̀rẹ̀, òun a máa la àtẹ́lẹwọ́ òun, òun a sì tún pa á dé, bí ẹni pé bọ́ọ̀lù ṣì wà níbẹ̀.

"Torí ibẹ̀ yẹn ni mo ṣe yá ẹ ní ìwé náà, ọmọ mi," Kóòṣì sọ, wọn ò sì lè wo ojú mi.

Ní báyìí, èmi ni mo ń ka ti Joy.

"Ọgọ́ta!"

"Ẹyọ kan péré sí i, Ṣaléwá, mo bẹ̀ ẹ́."

Mo gba bọ́ọ̀lù náà. Ọlọ́run mi, ó wù mí! Àtẹ́lẹwọ́ mi kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Ṣé èjìká ń dùn ẹ́?" mo bi í.

Ó wolẹ̀. "Díẹ̀."

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má fi ohun tó ń dùn yín pa mọ́ fún ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ká ní mo dáhùn bí Joy ṣe dáhùn yìí ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, èmi ni ǹ bá máa bẹ̀bẹ̀ fún ẹyọ kan sí i lónìí.

Mo fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ Joy mú, a sì jọ lọ bá Kóòṣì.