Èémí Kẹta

Èèyàn méjì péré ló wà nínú yàrá náà lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n èémí mẹ́ta ni Elétí-Ehoro gbọ́.

Ó kọ́kọ́ rò pé etí òun ló ń tan òun. Ó dá ohùn náà padà sẹ́yìn, ó dijú, ó tún gbọ́ ọ. Èémí ìyá rẹ̀ nìyí, tó ń ha bí ìgbálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin nìyí, tó wúwo, tó ń gba imú jáde. Ẹ̀kẹta kò wúwo, kò sì yá. Ó kàn ń lọ, ó ń bọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, bí èémí ẹni tó ti dúró pẹ́ tí kò sì kánjú.

Iṣẹ́ etí ni obìnrin yìí ń ṣe. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ jáde láti inú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, etí rẹ̀ sì mú débi pé Elétí-Ehoro ni àwọn ará ibi iṣẹ́ sọ ọ́. Tí agbẹjọ́rò méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òun ni wọ́n máa ń pè kó wá yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Bàbá tó ń bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe ló fún un ní áńpílífáyà kan, ẹ̀rọ tó ń fún hẹ́dífóònù lágbára, lọ́sẹ̀ tó fẹ̀yìn tì. Àpótí irin dúdú ni, kò ju páálí ṣúgà lọ, ó ní bọ́tìnnì roboto kan níwájú. Bàbá náà ní ó pẹ́ tí àánú hẹ́dífóònù ńlá tó ń gbé sórí yẹn ti ń ṣe òun.

"Ebi ló ń pa á," ló wí. "Agbára tó ń ti inú kọ̀ǹpútà wá ò yó o. Kì í ṣe pé èyí máa jẹ́ kó pariwo o, ọmọ mi. Ó máa jẹ́ kó sọ gbogbo ohun tó mọ̀ ni."

Ó rò pé bàbá ń ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ki wáyà bọ̀ ọ́, tó tún gbọ́ ẹjọ́ kan tó ti tẹ̀ parí láàárọ̀, ó dà bí ìgbà tí wọ́n nu fèrèsé tó ti dọ̀tí tipẹ́. Ohùn kò ga ju ti tẹ́lẹ̀. Àyè ló là sáàárín wọn. Ó gbọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ adájọ́ tó kan tábìlì. Ó gbọ́ bí ẹlẹ́rìí ṣe gbé itọ́ mì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́.

Ó gbé e lọ sílé. Ọ̀sán Sátidé ló rántí ohùn ìyá rẹ̀.

Ìyá náà ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Elétí-Ehoro ṣì wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá gbé fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí pé kí ìyá bá a sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ìyá kò bá a sọ nǹkan kan. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Rárá. Kì í ṣe òun." Ó tún sinmi. "Èmi ni." Ohun tí gbogbo ilé gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ba ẹ̀gbọ́n jẹ́. Oṣù mẹ́rin ló fi wẹ ìyá, tó fi ṣíbí bọ́ ọ, ó sì gbà pé nígbà tí ìyá lajú wo òun kẹ́yìn, ńṣe ló sẹ́ òun. Ó já àwòrán ìyá kúrò lára ògiri pálọ̀. Àìsàn ọkàn ń ṣe òun náà nígbà náà. Kódà nígbà tí àwọn dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìsìnkú, tí wọ́n ní àìsàn náà ti lọ, pé àwọn ò mọ ibi tó gbà, kò yọ̀.

Elétí-Ehoro rọra yí bọ́tìnnì náà. Ẹ̀kẹta mí sínú, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wá gba ẹrù.

"Ṣé èyí tó jókòó tì ọ́ yìí ni ká máa mú lọ?"

"Rárá," ni ìyá rẹ̀ wí. "Kì í ṣe òun."

"Ta wá ni?"

"Èmi ni."

Kò mọ ìgbà tó dìde. Gbogbo ohùn tó bá jáde nínú yàrá ló máa ń kan ògiri padà. Ohùn ẹ̀kẹta yìí kò kan nǹkan kan.

Ó rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ro òun náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó bẹ ẹ̀gbọ́n títí ó fi gbà láti gbé hẹ́dífóònù náà sórí. Ó ń wo ojú rẹ̀. Ọkùnrin náà di etí tábìlì mú. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé àyà, lórí ibi tí àwọn dókítà ì bá là, ó sì tẹrí ba.

"Màámi ò sẹ́ mi," ló wí. "Wọn ò sẹ́ mi rárá."

Ó bọ́ hẹ́dífóònù sílẹ̀, ó lọ bọ́jú. Ohùn náà ṣì ń lọ. Ó ku bí ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn rẹ̀, ariwo lásán tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ dé òpin rí. Elétí-Ehoro gbé hẹ́dífóònù sétí kó tó pa á.

"Èyí tó ń tẹ́tí sí wa yìí ńkọ́?" ni ẹ̀kẹta wí.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan. Ìyá rẹ̀ dáhùn kíákíá, kì í ṣe ohùn aláìsàn, ohùn abiyamọ tó fa ọmọ yọ lẹ́nu iná ni.

"Kò gbọ́ nǹkan kan."

Èémí kẹta dìde níbi ìrọ̀rí, ó sún mọ́ fóònù, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó fi etí lé ìlẹ̀kùn. Elétí-Ehoro pa èémí tirẹ̀ mọ́ra títí ohùn náà fi tán.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà wọlé, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó bi í bóyá ó ṣì ku nǹkan lẹ́yìn. Elétí-Ehoro wò ó, ó wo àpótí dúdú náà.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ló wí.

Àwòrán ìyá ti padà sára ògiri pálọ̀ ẹ̀gbọ́n. Elétí-Ehoro ti kúrò nídìí ohùn, ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ló ń tẹ̀ báyìí. Ó ní etí òun ti ń di. Tí èèyàn bá pè é lẹ́yìn, ìbáà jẹ́ ọmọ inú rẹ̀, kì í dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Ńṣe ló máa ń dúró jẹ́ẹ́, kó lè kọ́kọ́ gbọ́ bóyá èémí ẹni tó pè é nìkan ló wà lẹ́yìn òun.