Maṣíìnì Aránṣọ Nínú Kànga

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe Onídìrí ló gbé maṣíìnì sínú kànga. Òótọ́ ni. Ta ni yóò fẹ́ ṣe ibi lọ́sàn-án, tí yóò ti kéde rẹ̀ láàárọ̀ lójú gbogbo ará ilé? Ṣùgbọ́n ẹ ò sí nílé náà lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó wà níbẹ̀ kò sì rò ó bẹ́ẹ̀.

Aránṣọ ló rí i. Ó ti ibi tó ti lọ wọn aṣọ oníbàárà dé, ó ní kí òun pọnmi. Garawa rẹ̀ kò kan omi. Irin ló kàn, gbàn-ún. Nígbà tí wọ́n fi okùn fa irin náà jáde, tòun ti ọ̀rá tí wọ́n fi wé e, maṣíìnì rẹ̀ ni, èyí tó fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìyá Onílé kò wádìí. Ó gbé fóònù sókè, ó ka ohun tí Onídìrí kọ sí gúrúùpù ilé ní kùtùkùtù: "Maṣíìnì Aránṣọ ò jẹ́ kí n sùn. Ẹni tó bá bá mi gbé e sọ sí kànga, màá máa dirí fún ìyàwó rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí ayé."

"Àwàdà ni, Mà!" Onídìrí ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Àwàdà ọ̀hún rèé tó ń kán omi sílẹ̀. Kó ẹrù ẹ. Kílẹ̀ tó ṣú, mi ò fẹ́ rí ẹ nínú ilé mi mọ́."

Onídìrí yíjú sí Aránṣọ. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bú ara wọn ṣeré. "Ọ̀rẹ́ mi, sọ fún wọn."

Aránṣọ kẹ̀yìn sí i, ó ń nu omi kúrò lára maṣíìnì.

Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Àwárí, ayálégbé tó dàgbà jù nílé, ti yọ. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ara rẹ̀ lórúkọ yìí. Láràárọ̀, kó tó bọ́jú, a máa tẹ àmì àtàǹpàkò sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá bá lórí gúrúùpù, bí ọba tó ń juwọ́ sí ará ìlú. Ó ní gíláàsì ojú, ṣùgbọ́n inú àpò ni gíláàsì ń gbé, kí wọ́n má baà ní bàbá ti darúgbó.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan o," ó ní, lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti fọwọ́ kàn án tán.

Ó wọ yàrá Aránṣọ. Tábìlì maṣíìnì wà níbẹ̀, orí rẹ̀ ni kò sí. Wọ́n ti tú nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́lẹ̀, wọ́n kó wọn sínú ife. Yunifọ́ọ̀mù tí kò tíì rán tán wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká a dáadáa.

"Ta ló ká aṣọ yìí?"

"Kì í ṣe èmi, Bàbá. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lára ẹ̀ nígbà tí mo jáde."

Ó padà sí ìdí kànga. Ọ̀rá tó nípọn ni wọ́n fi wé maṣíìnì, wáyà ni wọ́n fi dè é. Wọ́n lọ́ ẹnu wáyà náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọnú kó má baà gún ẹnikẹ́ni.

"Ta ló wà nílé lọ́sàn-án?"

Èèyàn mẹ́ta ni: Onídìrí, Tíṣà, tó ti fi ẹjọ́ ariwo maṣíìnì sùn rí, àti Wẹ́dà, ayálégbé tuntun tó ń jó irin, tó wálé wá jẹun ọ̀sán.

"Tíṣà, ẹ ò fẹ́ràn maṣíìnì yìí."

"Mi ò fẹ́ràn ẹ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ń dùn mí yìí, garawa omi gan-an, ọmọ ló ń bá mi gbé e."

"Sípánà ńkọ́?"

"Ṣọ́ọ̀kì ni mo ní."

Ọ̀gá Àwárí rẹ́rìn-ín músẹ́. "Aránṣọ, ka ohun tí kálukú fi fèsì lórí gúrúùpù."

"Tíṣà fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Èmi náà…" Ó wo Onídìrí. "Èmi náà fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Wẹ́dà kọ ọ́ pé, 'A ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n.' Lẹ́yìn náà…"

"Ó tó!" Ọ̀gá Àwárí nawọ́ sókè. "Mo ti rí i. Ẹni tó ń bínú kì í káṣọ. Ọ̀tá kì í fi ọ̀rá wé nǹkan kómi má baà bà á jẹ́. Ẹni tó ní sípánà àti ẹ̀mú, tó lágbára láti dá irin gbé, tí gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín tí òun nìkan gbà á bí iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ẹnì kan ṣoṣo ni. Wẹ́dà, ìwọ ni."

Wẹ́dà dọ̀bálẹ̀. Kò jiyàn rárá.

"Èmi ni, Bàbá. Mo rò pé ilé ti pinnu ni. Bí gbogbo wọn ṣe ń rẹ́rìn-ín, mo ní inú wọn dùn sí i ni. Mo fi ọ̀rá wé e, kí wọ́n lè rí i lò tí ìjà bá parí. Látìgbà tí mo ti kó dé, kò sẹ́ni tó tíì rán mi níṣẹ́ nílé yìí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo wúlò."

Ìyá Onílé wúkọ́. "Onídìrí, kó ẹrù ẹ wọlé padà."

Onídìrí kò mira. Aránṣọ ló ń wò. "Ìwọ tá a jọ rẹ́rìn-ín láàárọ̀, ìwọ náà gbà pé èmi ni?"

Aránṣọ tún ń nu maṣíìnì.

Ọ̀gá Àwárí kò ráyè tiwọn. Ó ti ń tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe sọ́tùn-ún sósì. "O ò mọ àwàdà yàtọ̀ sí iṣẹ́? Ṣé kò sí àgbà nílé yìí tó o lè bi ni?"

"Àgbà ni mo dúró dè, Bàbá," Wẹ́dà ní láti ilẹ̀. "Ká ní àgbà ò fọwọ́ sí i, mi ò ní ṣe é."

"Àgbà wo?"

"Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìyókù fún wọn."

Aránṣọ kò kà á. Ó na fóònù sí Ọ̀gá Àwárí. Ó pẹ́ kí bàbá tó rí gíláàsì rẹ̀ yọ nínú àpò.

Lábẹ́ ọ̀rọ̀ Onídìrí, lẹ́yìn ẹ̀rín, lẹ́yìn "A ti gbọ́", àtàǹpàkò kan ló wà níbẹ̀. Orúkọ Ọ̀gá Àwárí ló wà lára rẹ̀.