Iná Mànàmáná Inú Ọkọ̀ Bàbá Àgbà

Ọjọ́ Ajé ni ìròyìn dé pé Bàbá àgbà ti sùn nínú Olúwa ní Ọ̀fà. Mọ́mì rọra jókòó nílé ìdáná wa ní Collegno, ní ilẹ̀ Ítálì, wọn ò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́.

"Dùnsìn, bàbá mi ti lọ."

"Quando?" ni mo bi wọ́n, ìgbà wo. Èdè Ìtálì ni mo fi ń dá wọn lóhùn nígbà gbogbo.

"Ní ìdájí."

Bàbá àgbà ti fi ogún ọdún wa ọkọ̀ ojú irin oní-dísẹ́ẹ̀lì láti Ọ̀fà lọ sí Kàdúná. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé màá sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú irin ní iléèwé, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí fóònù mi lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. N kò gbọ́ ọ̀kan tán. Ó ti gùn jù fún mi.

Ọ̀rẹ́ mi Martina ló bá mi wá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. "Kà á bó ṣe wà," ó ní. "Iná mànàmáná dára, dísẹ́ẹ̀lì ti di ìdọ̀tí àtijọ́. Ta ló fẹ́ gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

Ìdánwò ni ọ̀rọ̀ sísọ náà: tí n kò bá gba máàkì mẹ́fà nínú mẹ́wàá, oṣù Kẹsàn-án ni màá tún ìdánwò náà ṣe. Ní Ọjọ́bọ̀, mo ka ọ̀rọ̀ Martina ketekete.

Olùkọ́ béèrè pé, "Kí ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì gan-an?"

"Ẹ́ńjìnnì ni."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo wo ìwé ọwọ́ mi. Kò sí níbẹ̀. Máàkì mẹ́rin ni mo gbà.

Nígbà tí mo délé, mo tan ohùn Bàbá àgbà.

"Dùnsìn ọmọ mi, ẹ́ńjìnnì wa kì í fúnra rẹ̀ yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Iná mànàmáná ló ń ṣe, iná yẹn ló wá ń yí i. Ilé iṣẹ́ mànàmáná ni mo ń gbé gba inú igbó kọjá, níbi tí òpó iná kan ò sí. Ọkọ̀ tiyín lọ́hùn-ún ò gbé nǹkan kan. Wáyà òkè ló ń bọ́ ọ, ìyẹn ló ṣe fúyẹ́, tó ń sáré. Iṣẹ́ ìyanu ni. Ṣùgbọ́n ibi tí wáyà bá parí sí, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn o." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n.

Mọ́mì wá jókòó tì mí. "Tún un tàn," wọ́n ní. A gbọ́ mọ́kànlá náà tán.

Mo jẹ́wọ́ fún olùkọ́ lọ́jọ́ kejì pé ọ̀rọ̀ Martina ni mo kà. Ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò yí máàkì náà padà.

Ní Sátidé, a wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Porta Susa lọ sí ìlú Padova, níbi tí ẹ̀gbọ́n Mọ́mì ti fẹ́ ṣe ìsìn ìrántí. Kí a tó wọlé, mo gbójú sókè. Apá irin kan nà láti orí ọkọ̀, ó fara kan wáyà fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ kan orí ọmọ tó ń sùn. Wáyà náà ò ju ìka lọ. Síbẹ̀, òun ló gbé gbogbo wa sáré kọjá láàárín oko ìrẹsì, láìsí èéfín, láìsí ariwo.

Níbẹ̀ ni ó yé mi: mo ti yá ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ̀, nígbà tí ẹni tó mọ̀ ń pè mí. Ẹ fetí sí àwọn àgbà yín nígbà tí wọ́n ṣì lè dá yín lóhùn.

Ní Padova, mo rìn lọ sí iwájú ọkọ̀. Awakọ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń wo àwọn èrò tó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni mo wí fún un, ní Yorùbá.